Ìlẹ̀dú àti Ajílẹ̀ Inú Àpò: Ọ̀rọ̀ lórí Ilẹ̀ Oko Wa àti Àgbàdo Tí À Ń Jẹ

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn olóyè àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Òṣogbo)



Nígbà tí ẹgbẹ́ yìí ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀, a mọ̀ pé ohun tí púpọ̀ nínú yín ń retí ni ọ̀rọ̀ ìtàn tàbí ọ̀rọ̀ èdè, nítorí pé iṣẹ́ tiwa ni láti kọ́ àwọn tí yóò kọ́ ọmọ. A dúpẹ́ fún ọlá náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a mú wá, ilẹ̀ tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí a sì ń jẹun láti inú rẹ̀. Bí a bá ń ṣọ́ èdè, tí a ń ṣọ́ oríkì, tí a ń ṣọ́ ọdún ìbílẹ̀, tí a sì jẹ́ kí ilẹ̀ tí ó bọ́ àwọn tí ó dá gbogbo nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ ṣá mọ́ wa lọ́wọ́, kí ni a ó fi bọ́ àwọn tí yóò máa sọ èdè náà?

Ìjà kan wà láàrin àwọn àgbẹ̀ wa lónìí, ó sì ti wọ inú ìlú dé ọ̀dọ̀ àwa tí a ń ra oúnjẹ. Apá kan ń wí pé kí a dá fatiláísà padà fún Òyìnbó. Pé àwọn baba wa kò mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ iṣu wọn tóbi, àgbàdo wọn sì dùn ju tiwa lọ. Apá kejì ń rẹ́rìn-ín wọn. Àwọn wọ̀nyí ní ìgbẹ́ ẹran àti pàǹtí ààtàn jẹ́ iṣẹ́ ẹni tí kò lówó lọ́wọ́. Kí ènìyàn ra àpò, kí ó fọ́n ọn, kí ó sì máa lọ sí ilé rẹ̀. Ní tiwa, a gbà pé apá kọ̀ọ̀kan mú ìdajì òtítọ́ dání, ó sì ń fi ìdajì náà lu ẹnìkejì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ara wa léèrè ohun tí àwọn baba wa fi ń tọ́jú ilẹ̀. Àwọn tí ó ń fi orúkọ wọn búra kò wádìí ọ̀rọ̀ náà tó. Àgbẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ayé àtijọ́ kì í ru ìgbẹ́ ewúrẹ́ lọ sí inú ẹ̀gàn. Ìsinmi ni ó fi ń bọ́ ilẹ̀. Yóò ro ilẹ̀ kan fún ọdún 2 tàbí 3, yóò sì fi í sílẹ̀ fún ọdún 10, tàbí 15, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igbó yóò bò ó, ewé yóò wọ́ sílẹ̀ yóò jẹrà, gbòǹgbò àwọn igi ńlá yóò fa oúnjẹ tí ó ti rì sí ìsàlẹ̀ padà wá sókè, tí ọmọ rẹ̀ bá fi máa padà dé ibẹ̀, ilẹ̀ náà ti di ọ̀tun. Ní 1960, àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Nye àti Greenland, tí wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gánà, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí irú oko ṣíṣe yìí, wọ́n sì fi hàn pé kì í ṣe ìwà òpè rárá. Níbi tí ilẹ̀ bá pọ̀, tí ènìyàn kò sì pọ̀, ọgbọ́n tí ó gún ni.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú rí ọgbọ́n náà kò ní láti rìn jìnnà. Kí ó lọ sí Igbó Ọ̀ṣun tí ó wà ní ìlú yìí. Hẹ́kítà 75 ni igbó náà; ìjọba sọ ọ́ di ohun ìní àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965, àjọ UNESCO sì kọ ọ́ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005. Àwa jẹ́ oníwàásù, kò sí ẹni tí yóò fi ẹ̀sùn kàn wá pé a wá gbé oríṣà lárugẹ níhìn-ín. Ilẹ̀ abẹ́ igi ni a ń sọ. Kò sí ẹni tí ó ru ajílẹ̀ lọ síbẹ̀ rí, síbẹ̀ ẹ gbá ewé gbígbẹ sápá kan, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan ilẹ̀: ó dúdú, ó rọ̀, ekòló sì kún inú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò le. Ohun tí igi gbà lọ́wọ́ ilẹ̀ ni ewé ń dá padà fún un. A kì í kórè níbẹ̀, ọkọ̀ kì í sì í ko ẹrù ibẹ̀ lọ sí Èkó.

Ti oko yàtọ̀. Tọ́ọ̀nù kan àgbàdo gbígbẹ, èyí tí í ṣe àpò mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn kìlógíráàmù 100, ń gbé náítírójìn tí ó tó kìlógíráàmù 15 kúrò nínú oko, láì ka fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù, láì sì ka èyí tí ó wà nínú pòròpóró. Àpò NPK 15:15:15 kan tí ó wọn kìlógíráàmù 50 ní kìlógíráàmù 7.5 péré náítírójìn nínú. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí àgbẹ̀ bá ta àpò mẹ́wàá àgbàdo, ó ti ta àpò NPK méjì pẹ̀lú rẹ̀, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà, tí gbogbo ayé mọ̀ pé wọn kì í gbàgbé gbèsè tí ẹnikẹ́ni jẹ wọ́n, tí wọ́n ń lóṣòó lẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí yóò fi san án, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò gbèsè tí àwa náà jẹ ilẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, ìsinmi ni a fi ń san gbèsè yìí. Ààyè ìsinmi ti tán. Kòkó gba ilẹ̀ tí ó dára jù, ìlú fẹ̀ wọ inú oko, ọmọ pọ̀ sí i, ilẹ̀ ìdílé sì di ìpín wẹ́wẹ́. Ilẹ̀ tí ń sinmi fún ọdún 15 tẹ́lẹ̀, ẹni tí ó bá jẹ́ kí ó sinmi fún ọdún 3 lónìí ti ṣe dáadáa. Ewé tí ń bo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí àwọn kan ń pè ní Akíntọ́lá-ta-kú, tí àwọn mìíràn sì ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀ (a kò ní dá sí ìjà àwọn olórúkọ méjèèjì), ó sì ń ṣe ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ mọ, ṣùgbọ́n ọdún 3 kò lè ṣe iṣẹ́ ọdún 15. Ẹni tí ó bá wí fún àgbẹ̀ òde òní pé kí ó ṣe bí àwọn baba rẹ̀ ti ṣe, kí ó kọ́kọ́ fún un ní ilẹ̀ tí àwọn baba rẹ̀ ní.

Síbẹ̀ àwọn baba kò ṣàì mọ agbára ìlẹ̀dú. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń lò ó. Ẹ̀bá ààtàn ni ìyá wa ń gbin tẹ̀tẹ̀, gbọ̀rọ̀, ata àti àgbàdo tí ó kọ́kọ́ ń gbó ládùúgbò sí. Ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀. Ohun tí a gbá dànù síbẹ̀ ni ó ń padà di oúnjẹ. Àní ọ̀rọ̀ náà, ajílẹ̀, ohun tí ń jí ilẹ̀, fi hàn pé ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ mọ̀ pé ilẹ̀ lè sùn. Ní òkè Ọya, ní àyíká ìlú Kánò, àwọn àgbẹ̀ Haúsá ti fi ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀ fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ko ìlẹ̀dú láti inú ìlú lọ sí oko, wọ́n sì ń ro ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún láì fún un ní ìsinmi. Èyí jẹ́ ohun tí ó yẹ kí àwa ará gúúsù wò dáadáa, nítorí ibi tí wọ́n dé tipẹ́tipẹ́ ni àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpò wàyí. Ní 1909, Fritz Haber, ará Jámánì, rí ọ̀nà láti mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́ kí ó sì so ó mọ́ háídírójìn. Carl Bosch sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá ní 1913. Láti inú iṣẹ́ yẹn ni yúríà ti ń wá. Yúríà kì í ṣe májèlé gẹ́gẹ́ bí àwọn kan ti ń sọ. Nǹkan kan náà wà nínú ìtọ̀ ẹran àti ti ènìyàn. Náítírójìn inú rẹ̀ jẹ́ 46 nínú 100. Nàìjíríà pàápàá ń ṣe é lọ́pọ̀lọpọ̀ nísinsìnyí: ilé-iṣẹ́ Indorama ní Eleme bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ti Dangote ní Ìbẹ̀jù-Lekki ṣí ní 2022. Síbẹ̀, nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàrin Rọ́ṣíà àti Ukraine ní 2022, owó àpò gbéra ní gbogbo ayé, nígbà tí owó náírà sì jábọ́ ní 2023, ó tún gbéra sí i. Ẹni tí ó gbé ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ lé àpò nìkan, ogun tí kò rí ojú rẹ̀ lè ba oko rẹ̀ jẹ́.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ẹ̀dùn wa tí ó tóbi jù. Ilẹ̀ wa ni kò lè di ohun tí a fún un mú. Ní 1962, Smyth àti Montgomery tẹ ìwé jáde lórí àwọn ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, wọ́n sì fi orúkọ àwọn ìlú wa pe àwọn irú ilẹ̀ náà: ilẹ̀ Ìwó, tí ó ní iyanrìn púpọ̀, ilẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, tí amọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀, àti ilẹ̀ Ìtagúnmódì ní Ìjẹ̀ṣà, amọ̀ pupa tí kòkó fẹ́ràn. Púpọ̀ nínú amọ̀ ilẹ̀ wa kò ní agbára tí ó fi lè di oúnjẹ ọ̀gbìn mú. Ohun dúdú tí ó ti inú ewé àti ìgbẹ́ jíjẹrà wá ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹni tí ó fọ́n yúríà sí ilẹ̀ iyanrìn tí kò ní ohun dúdú nínú dà bí ẹni tí ó pọn omi sínú ajere. Òjò ńlá kan ṣoṣo, ó ti lọ sínú odò.

Ibi tí a ti rí èyí ní kedere ni Samaru lẹ́bàá Zaria. Láti 1950 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ẹ̀là ilẹ̀ kan níbẹ̀ ní ìgbẹ́ màlúù, náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ àti ní àpapọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń lo ajílẹ̀ náítírójìn nìkan lọ́dọọdún, ilẹ̀ kan bí ògì tí omi rẹ̀ pẹ́ jù. Gbòǹgbò kò sì fẹ́ràn ilẹ̀ kíkan. Ibi tí ìgbẹ́ ti bá a kẹ́gbẹ́, ilẹ̀ dúró dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Saria ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ní 1960, ọ̀rọ̀ kan náà ni ilẹ̀ sì sọ fún wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Rothamsted, níbi tí John Lawes ti bẹ̀rẹ̀ ní 1843, wọ́n ṣì ń gbin àlìkámà sí oko kan náà títí di òní. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ẹ̀là tí ó gba ìlẹ̀dú àti náítírójìn pọ̀ wà lára àwọn tí ó ń so jù. Àwọn tí ó ń sọ fún wa pé àpò nìkan ni ọ̀làjú, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti dé ibẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa tí kò fẹ́ rí àpò rárá, ẹ dákun, ẹ bá wa ṣírò. Bí a bá fẹ́ fún hẹ́kítà kan àgbàdo, èyí tí í ṣe éékà méjì àbọ̀, ní náítírójìn kìlógíráàmù 90, tí ìgbẹ́ adìyẹ gbígbẹ wa sì ní 2 nínú 100, a nílò tọ́ọ̀nù 4 àbọ̀. Bí ó bá jẹ́ ìgbẹ́ màlúù tí ó ní 1 nínú 100, ó di tọ́ọ̀nù 9. Ta ni yóò rù ú, ní ọ̀nà oko tí ọkọ̀ kò lè wọ̀? Bí a bá tilẹ̀ rù ú dé ibẹ̀, apá kan péré nínú rẹ̀ ni yóò tú sílẹ̀ fún ọ̀gbìn ní ọdún àkọ́kọ́; ìyókù ń bọ̀ lẹ́yìn. Àgbàdo kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà tí ó ń sáré sókè, ebi ń pa á lójú ẹsẹ̀, bí kò bá sì rí oúnjẹ nígbà yẹn, ọmọ kékeré ni yóò pọ̀n.

Wàyí o, ẹ da méjèèjì pọ̀ ní ìdajì-ìdajì. Àpò yúríà méjì ní náítírójìn kìlógíráàmù 46. Ìdajì kejì yóò ti inú tọ́ọ̀nù 2 àti díẹ̀ ìgbẹ́ adìyẹ wá, tí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀ sì pọ̀ dáadáa. Yúríà bọ́ àgbàdo ní àkókò ebi. Ìgbẹ́ di omi àti oúnjẹ mú, ó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ kíkan, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹ̀wà tàbí gbágùúdá tí yóò tẹ̀lé e. Ní gúúsù Bìní àti Tógò, àwọn oníwàádìí gbin àgbàdo pẹ̀lú yúríà nìkan, pẹ̀lú ewé àti ìgbẹ́ nìkan, àti pẹ̀lú ìdajì yúríà òun ìdajì ewé tàbí ìgbẹ́. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 2001, wọ́n sọ pé àwọn ibi kan wà tí àdàlù so ju ohun tí a lè retí lọ bí a bá ka ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí.

Ohun mìíràn wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà mọ̀: àpò pàápàá ń ran pàǹtí lọ́wọ́. Pòròpóró, háríhá, àti lẹ́búlẹ́bú igi láti ilé ìlagi kò ní náítírójìn tó. Bí a bá rì wọ́n mọ́lẹ̀ lásán, àwọn ẹ̀dá kéékèèké tí ń mú nǹkan jẹrà yóò gba náítírójìn inú ilẹ̀ fún ara wọn, àgbàdo yóò sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Àgbẹ̀ yóò wá ní pàǹtí ni ó ba oko òun jẹ́. Díẹ̀ yúríà tàbí ìgbẹ́ adìyẹ tí a bá dà mọ́ òkìtì náà kí ó tó jẹrà ni yóò tún un ṣe. Ní Ìbàdàn, ní ọjà Bódìjà, wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń sọ pàǹtí ọjà àti ìgbẹ́ ẹran di ajílẹ̀ tí wọ́n pè ní Pacesetter. Irú méjì ni wọ́n ṣe: ọ̀kan tí ó jẹ́ pàǹtí àti ìgbẹ́ nìkan, àti ọ̀kan tí wọ́n fi ajílẹ̀ Òyìnbó kún. Èrò orí tiwa ni, kì í ṣe ohun tí a yá.

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ kan ẹ̀yin tí kì í ṣe àgbẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n, èyíinì ni ọmọ àgbàdo fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ìwọ̀n àpò nìkan ni oúnjẹ. Àgbàdo tí náítírójìn kò kàn tó, ọmọ rẹ̀ máa ń kéré, ó máa ń rọ̀, agbára tí ń mú ara ọmọ ènìyàn dàgbà sì dín nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni síńkì, tí ó wà fún ìdàgbàsókè ọmọdé àti fún jíjiná egbò: púpọ̀ nínú àpò NPK tí à ń rà kò ní in, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ó pọ̀ jù sì lè dí i lọ́wọ́ kí gbòǹgbò má rí i gbà. Ohun mẹ́ta ni a kọ sí ara àpò. Ohun tí ọmọ àgbàdo ń fẹ́ ju mẹ́ta lọ. Ìgbẹ́ ẹran àti ewé jíjẹrà ní díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo wọn. Ní Zimbabwe, ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2012 fi hàn pé níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti da ìgbẹ́ màlúù tàbí ewé igbó pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ tí ó ní síńkì, síńkì inú ọmọ àgbàdo pọ̀ ju ti ibi tí ajílẹ̀ Òyìnbó nìkan wà. Irúgbìn rere dára. Àgbàdo Obatanpa tí wọ́n gbé jáde ní Gánà ní 1992, àti àgbàdo aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà ní 2012 fún ìlera ojú ọmọdé, iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n irúgbìn kò lè fa síńkì tí kò sí nínú ilẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi kún un, bí ó tilẹ̀ yà díẹ̀, pé nígbà tí a bá sẹ́ ògì, tí a da eérí fún ewúrẹ́, púpọ̀ nínú ohun rere yìí ni ewúrẹ́ jẹ. Ẹ̀gbo sàn ju ẹ̀kọ lọ ní ti èyí. Àwọn ìyá ilé lè bá wa jà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn kan yóò bi wá nípa ohun tí gbogbo àgbà ń sọ, pé iṣu fatiláísà kì í pẹ́ nínú àká, kì í sì í ṣeé gún. A kò ní pe àgbà ní onírọ́. Náítírójìn tí ó pọ̀ jù, tí pòtásíọ̀mù kò sì bá a rìn, lè mú kí ewé gbilẹ̀ kí omi sì pọ̀ nínú ohun tí ń bẹ nísàlẹ̀. Ẹ̀bi ìwọ̀n ni, àti ẹ̀bi ìdánìkanwà.

Ní ti bí a ó ṣe lò ó, a ó sọ èyí tí ó ṣe kókó. Kí ìgbẹ́ adìyẹ má ṣe wọ oko ní tútù; ó ń jó irúgbìn. Kí a kó o jọ, kí a bò ó kí òjò má fọ̀ ọ́ lọ, kí a máa yí i padà, títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ, kí a sì dà á sí ilẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó gbin àgbàdo. Yúríà, kí a pín in: díẹ̀ lẹ́yìn ìroko àkọ́kọ́, ìyókù kí àgbàdo tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Kí a gbẹ́ ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ìdí rẹ̀, kí ó má kan igi rẹ̀, kí a sì bò ó. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ nínú oòrùn ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Eérú ààrò dára púpọ̀ fún ilẹ̀ kíkan, ṣùgbọ́n kí a má ṣe dà á pọ̀ mọ́ yúríà tàbí ìgbẹ́ adìyẹ tútù, nítorí pé òórùn tí yóò ta yín nímú nígbà náà, náítírójìn yín ni ó ń sá lọ. Kí a má sì dáná sun pòròpóró mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí a ti ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa láti ọdún pípẹ́, síbẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún, èéfín ni a fi ń mọ oko tí àwọn tí a kọ́ ń ro.

A ní ẹ̀rù méjì tí a kò lè pa mọ́. Pàǹtí ìlú òde òní kì í ṣe ti ààtàn ìyá wa: ọ̀rá, ìgò fífọ́, àti òkú bátìrì wà nínú rẹ̀, oró inú bátìrì a sì máa wọ inú ewébẹ̀. Ẹni tí yóò lò ó gbọ́dọ̀ ṣà á. Èkejì ni odò. Ẹ mọ ohun tí ojú omi Ọ̀ṣun ti rí ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí láti ọwọ́ àwọn tí ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, títí kan àyíká Ìtagúnmódì yẹn kan náà tí ilẹ̀ rẹ̀ dára fún kòkó. Kí a má ṣe fi omi ajílẹ̀ kún un. Àkùrọ̀ etí odò kò yẹ fún fífọ́n yúríà ní ìgbà òjò, kí koríko sì wà láàrin oko àti omi.

Ohun tí ó mú wa wá síwájú ẹ̀yin olóyè ní pàtàkì ni a fi sí ìkẹyìn. Ajílẹ̀ inú àpò ń san owó rẹ̀ padà láàrin oṣù mẹ́rin. Ìlẹ̀dú ń san tirẹ̀ ní ọdún kejì àti ìkẹta. Nítorí náà, ẹni tí a fún ní ilẹ̀ fún ọdún kan péré, tí kò sì mọ̀ bóyá wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, kò ní ru ìlẹ̀dú lọ síbẹ̀ láéláé. Yóò ra yúríà díẹ̀ tí ó bá lówó, yóò fa ilẹ̀ náà gbẹ, yóò sì lọ. A kò lè bá a wí. Nínú ìwé Ìhìnrere Lúùkù, orí 13, olùtọ́jú ọgbà tọrọ ọdún kan sí i lọ́wọ́ olówó ilẹ̀, kí òun lè tu ilẹ̀ ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ kí òun sì bu ìlẹ̀dú sí i. Òun pàápàá ní láti tọrọ àyè kí ó tó bu ìlẹ̀dú.

Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sí abẹ́ àṣẹ gómìnà, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé ní abà àti ní ìletò, ọ̀rọ̀ olórí ẹbí àti ti baálẹ̀ ni ó ṣì ń ṣẹ. A bẹ̀ yín, ẹ sọ fún àwọn olórí ẹbí tí ó wà lábẹ́ yín pé kí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá fún ní ilẹ̀ àgbàdo ní ọdún mẹ́ta ó kéré tán, kí wọ́n sọ ọ́ níwájú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n má sì gbé ìṣákọ́lẹ̀ lé e lórí nígbà tí wọ́n bá rí i pé ilẹ̀ náà ti dúdú. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú wọn ń ro ilẹ̀ ọkọ, bí ọkọ bá sì kú, ilẹ̀ tí wọ́n ti tọ́jú di ti ẹlòmíràn. Opó tí a bá gba ilẹ̀ ìlẹ̀dú rẹ̀ lọ́wọ́, gbogbo obìnrin abà náà ni ó ti rí ìdí tí kò fi yẹ kí àwọn ru agbọ̀n kan lọ sí oko.

Ní ti ọjà, a ti rò ó pé kí ẹgbẹ́ yìí rán ènìyàn sí Ìyálọ́jà àti àwọn olórí ọjà, kí a fi ibì kan sọ́tọ̀ tí wọn yóò ti máa da ewé, háríhá, kùùkù àgbàdo àti èèpo iṣu sí láì da ọ̀rá mọ́ ọn, kí àwọn apẹran sì máa kó ìgbẹ́ inú ẹran wá síbẹ̀ dípò odò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa yóò wá ṣà á, wọn yóò sì tò ó ní òkìtì. Òjò àkọ́rọ̀ a máa dé ní oṣù Ẹrẹ́nà, òkìtì sì ń fẹ́ oṣù méjì tàbí mẹ́ta kí ó tó jẹrà; bí ẹ bá fún wa ní ìdáhùn ní ìpàdé tí ń bọ̀ yìí, ó ṣì lè bá ìgbìn àkọ́kọ́.